Aṣọ Àgbàbọ̀ Tó Wá Di Tiwa: Bí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn Ṣe Bẹ̀rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ tuntun ní Yunifásítì Ìbàdàn sọ nìyí. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ síbí.)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin bàbá mi àti ìyá mi tẹ́ ẹ jókòó síwájú, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tá a jọ gbé họ́ọ̀lù, tá a jọ tò sórí ìlà oúnjẹ, mo ń rí yín, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá lónìí, ẹ káàbọ̀, ẹ kú orí ire o.

Kí n tó wọlé síbí, mo bá ọmọ kan pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, họ́ọ̀lù wo lo wà? Ó ní "Mellanby, sà!", ó fi gbogbo ẹnu pè é, inú mi dùn. Mo wá ní, ta ni Mellanby? Ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Sà, àfi kí n lọ wò ó lórí Google." Ọmọ dáadáa ni, kò parọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ò ń sùn nílé ọkùnrin kan, ò ń fi orúkọ ẹ̀ pariwo lórí pápá bọ́ọ̀lù, o ò sì mọ ẹni tó jẹ́, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ẹ̀yìn díẹ̀ lónìí.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé aṣọ àgbàbọ̀ ò yẹ ni, bí kò fún ni lọ́wọ́, á ṣo ni lẹ́sẹ̀, rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Aṣọ àgbàbọ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí wọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Màá sọ ibi tá a ti wá fún yín, màá sọ aṣọ tá a yá, lẹ́yìn náà màá wá sọ ohun táwọn ọmọ tó wọ aṣọ náà fi ṣe. Apá ìkẹyìn yẹn gan-an ló mú mi kúrò nílé.

IBI TÁ A TI WÁ

Ṣáájú 1948, tí ọmọ Nàìjíríà bá fẹ́ ka ìwé gba dígírì, ibo ló máa lọ? Ó lè lọ sí Fourah Bay ní Sierra Leone, ìyẹn ti wà láti 1827, tàbí kó wọkọ̀ ojú omi lọ sílùú òyìnbó tí bàbá ẹ̀ bá lówó. Àwọn tó kù ń wo Yaba. Ìjọba àmúnisìn dá Yaba Higher College sílẹ̀ ní 1932, àwọn ọmọ tó mú bí abẹ ló sì ń wọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tí Yaba ń fúnni, inú Nàìjíríà nìkan ló ti wúlò. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ dókítà níbẹ̀, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kàwé, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè é? Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà! Abẹ́ òyìnbó ló máa wà títí ọjọ́ alẹ́. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, ọ̀rọ̀ Yaba wà lára ohun tó fà á. Torí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé òyìnbó kàn jí lọ́jọ́ kan ló bá fi yunifásítì ta wá lọ́rẹ. Ọdún pípẹ́ làwọn èèyàn wa fi béèrè fún un.

Ní 1943, ogun Hitler ò tíì parí, ìjọba ìlú òyìnbó gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí Walter Elliot ṣalága fún, pé kí wọ́n wo bí ẹ̀kọ́ gíga ṣe máa rí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ Áfíríkà mẹ́ta wà níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín wọn ni Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ọ̀gá ilé ìwé Abẹ́òkúta Grammar School, tó tún jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Ẹ̀yin ọmọ Kuti Hall, ṣé ẹ gbọ́? Bàbá yín nìyẹn! Bàbá Fela náà ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí Fela tó fọn fèrè rárá, bàbá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó bí yunifásítì yìí.

Ìgbìmọ̀ yẹn ò fẹnu kò. Nígbà tí ìwé ìròyìn wọn jáde ní 1945, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn tó pọ̀ jù, tí Ransome-Kuti wà nínú wọn, ní kí wọ́n ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì sí Nàìjíríà, kí wọ́n ṣe sí Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, kí wọ́n sì tún Fourah Bay ṣe. Àwọn tó kéré ní ẹyọ kan ṣoṣo ló tó fún gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ òyìnbó, Ìbàdàn sì ni kó wà. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló mú Ìbàdàn! Àwọn ará Gold Coast yarí, wọ́n láwọn ò gbà, àwọn máa ṣe tàwọn, wọ́n sì ṣe é. Yunifásítì Ghana tó wà ní Legon nìyẹn. Ọ̀kan lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé àwọn tó kéré ni Arthur Creech Jones, ẹ má gbàgbé orúkọ yẹn, ó ń padà bọ̀ wá.

Ó wá di 1947, wọ́n yan pírínsípà. Ta ni wọ́n yàn? Kenneth Mellanby. Ẹ̀yin ọmọ Mellanby, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Onímọ̀ nípa kòkòrò ni ọkùnrin yìí. Iṣẹ́ tó sọ ọ́ di èèyàn ńlá nígbà ogun, iṣẹ́ kúrúnà ni. Kúrúnà tó ń yún èèyàn lára yìí náà o! Ó ń da àwọn sọ́jà láàmú, gbogbo èèyàn sì gbà pé ara bùláńkẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ni wọ́n ti ń kó o. Mellanby kó àwọn ọkùnrin kan jọ sí Sheffield, àwọn tó sọ pé ẹ̀rí ọkàn àwọn ò jẹ́ káwọn gbé ìbọn. Ó ní kí wọ́n máa wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí sọ́jà oníkúrúnà bọ́ sílẹ̀, láìfọ̀ ọ́, kí wọ́n máa sùn nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn. Wọ́n ṣe é títí, ẹni tó mú lára wọn ò tó nǹkan. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ara sí ara ló ń ràn jù, kì í ṣe bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé ẹni tí kì í gba ohun tí gbogbo ayé ń sọ láìyẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n fi ṣe pírínsípà àkọ́kọ́. Èmi gbà pé ohun rere nìyẹn jẹ́ fún wa.

Nígbà tí Mellanby dé, ilé wo ló bá? Kò bá ilé kankan. Ilẹ̀ tá a wà yìí, igbó ni. Àwọn sọ́jà ti fi ọsibítù kan sílẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé lẹ́yìn ogun, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún, 104, kó kúrò ní Yaba lọ́hùn-ún wá síbẹ̀. Wọ́ọ̀dù tí sọ́jà ti ń kérora lálẹ́ ọjọ́ kan, òun náà ni wọ́n wá ń sùn, tí wọ́n ń gbẹ̀kọ́, tí wọ́n ń ṣe ìdánwò. Bí wọ́n gúnyán nínú ewé, tí wọ́n se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Inú àwọn wọ́ọ̀dù yẹn ni Chinua Achebe ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ráhùn pé fáànù ò yí lánàá, mo gbọ́ yín o, ó yẹ kó yí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ẹlẹ́yẹlé.

Àwọn ìjòyè àtàwọn ará Ìbàdàn ló yọ̀ǹda ilẹ̀ tá a wà yìí, ó lé ní ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà, ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín ẹyọ kan ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn, 999. Ilẹ̀ oko ni, ilẹ̀ tí ẹlòmíì ti ń jẹ nínú ẹ̀, ká má gbàgbé ìyẹn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá 1948, ta ló wá gbẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́? Arthur Creech Jones! Òun ti di mínísítà tó ń rí sí àwọn ìlú tí òyìnbó ń ṣàkóso. Ọjọ́ yẹn la fi ń ṣe Founder's Day títí dòní.

AṢỌ TÁ A YÁ

Mo ti débi aṣọ báyìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kì í ṣe yunifásítì tó dá dúró nígbà yẹn, University College ni wọ́n ń pè é, abẹ́ University of London ló wà. London ló ń buwọ́ lu ìwé tí wọ́n máa kà. Àwọn lẹ́kíṣọ̀ ibí àti ti London ló jọ ń gbé ìbéèrè kalẹ̀. Ẹni tó bá yege, dígírì London ló gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò débi tí yìnyín ti ń bọ́ rí láyé ẹ̀. Àwọn kan bínú sí i, pé irú ìtìjú wo nìyẹn. Àwọn kan sì ní rárá o, lẹ́yìn ohun tí ojú wa rí ní Yaba, dígírì tí ẹnikẹ́ni ò lè fojú tín-ínrín la fẹ́. Tẹ́ ẹ bá bi mí, àwọn méjèèjì ló jàre, ṣùgbọ́n ká ní mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi náà máa gba ti London. Ẹni tí wọ́n ti fi ayédèrú tan rí, ojúlówó ló máa ń wá.

Mellanby fúnra ẹ̀, Cambridge ló ti kàwé, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe níbẹ̀ ló gbé wá. Họ́ọ̀lù ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Máàsítà wà fún họ́ọ̀lù, pọ́tà wà lẹ́nu géètì, àwọn sítúwáàdì ń gbé oúnjẹ wá sórí tábìlì. Tó bá di alẹ́ oúnjẹ ńlá, gáùn ni wọ́n máa wọ̀ lọ jẹun, àwọn olùkọ́ á jókòó sídìí tábìlì tiwọn níwájú. Gáùn o, nínú ooru Ìbàdàn! Motó wa náà, ìyẹn àkọmọ̀nà wa, èdè Látìn ni, Recte Sapere Fons, pé ríronú bó ṣe tọ́ ni orísun ìmọ̀. Èmi fẹ́ràn motó yẹn gan-an. Ká tiẹ̀ ní Látìn ni, ọ̀rọ̀ àgbà Yorùbá ló jọ létí mi.

Ẹ wo ilé náà. Maxwell Fry àti ìyàwó ẹ̀ Jane Drew ló ya àwòrán wọn, òyìnbó làwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n ro ti oòrùn wa. Tẹ́ ẹ bá padà dé họ́ọ̀lù lọ́sàn-án yìí, ẹ lọ dúró ti ògiri oníhò yẹn, ẹ na ọwọ́ yín síbẹ̀. Ẹ máa rí i pé atẹ́gùn ń gbabẹ̀ kọjá. Kì í ṣe fún ẹwà nìkan ni wọ́n ṣe dá ihò yẹn sí i. Wọ́n kọjú ilé síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, wọ́n sì fún un lọ́nà táá gbà jáde. Lọ́dún tí mo wọlé, yàrá mi wà lókè, ìdí ihò yẹn ni mo máa ń jókòó sí kàwé tí iná bá lọ. Títí dòní tí mo bá gbóòórùn símẹ́ńtì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ibẹ̀ lọkàn mi ń lọ.

Láíbúrárì nìkan ni mi ò ní kà mọ́ aṣọ àgbàbọ̀. Lára ìwé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni ìwé Henry Carr, ọmọ Èkó, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́, tó kó ìwé jọ ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó kú ní 1945, ìjọba ra àwọn ìwé náà, ó sì wá síbí. Ọmọ dúdú kan ti ń kó ìwé jọ de yunifásítì kí yunifásítì tó dé, ẹ̀yin ẹ rò ó wò ná.

OHUN TÁWỌN ỌMỌ FI AṢỌ NÁÀ ṢE

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ síbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ họ́ọ̀lù. Mellanby, ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Tedder, ọ̀gágun òfurufú àwọn òyìnbó nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Kuti, olùkọ́ láti Abẹ́òkúta. Sultan Bello, ọmọ Usman dan Fodio, ọba Sókótó tó tún jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó kọ ìwé rẹpẹtẹ. Queen Elizabeth, fáwọn obìnrin. Lẹ́yìn náà Azikiwe, lẹ́yìn náà Independence. Òyìnbó, Ẹ̀gbá, Fúlàní, Ìgbò, gbogbo wọn lórí ilẹ̀ Ìbàdàn. Inú wọn lọ́hùn-ún, ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ọ̀wẹ́rí ń pín yàrá kan, wọ́n ń yá ara wọn ní súgà. Ọ̀pọ̀ wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ Indy, ìyẹn Independence, ẹ ń pe ara yín ní Katanga. Ẹ̀yin ọmọ Zik, ẹ̀ ń pe ara yín ní Baluba. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá? Ní 1960, ọdún òmìnira wa gan-an, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Congo, ìpínlẹ̀ Katanga ní òun fẹ́ yapa, àwọn ẹ̀yà Baluba ní àwọn ò bá wọn lọ. Wọ́n kó sọ́jà Nàìjíríà lọ síbẹ̀ láti lọ pẹ̀tù síjà náà. Ìròyìn Congo gba gbogbo ìlú. Àwọn ọmọ họ́ọ̀lù bá ń fi Katanga àti Baluba pe ara wọn. Gáùn ti Cambridge, orúkọ ti Congo. Ẹ ò rí i pé aṣọ náà ti ń di tiwọn?

Nínú kíláàsì náà, ohun kan náà ni. Achebe máa ń sọ ìtàn kan. Òyìnbó olùkọ́ kan ní kí wọ́n ka ìwé ìtàn kan tí òyìnbó kọ nípa Nàìjíríà, tí àwọn aláriwísí lókè òkun ń yìn pé kò lẹ́gbẹ́. Wọ́n kà á. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì bá dìde, ó ní ibì kan ṣoṣo tóun ti gbádùn ìwé yẹn ni ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa akọni inú ẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tí ìwé yẹn sọ di dìndìnrìn. Ní àsìkò àmúnisìn o! Níwájú olùkọ́! Èmi gbà pé ọjọ́ yẹn gan-an ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí di yunifásítì, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lùwé.

Achebe yẹn náà, ìmọ̀ ìṣègùn ló bá wá, sìkọ́láṣíìpù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ó rí i pé kì í ṣe ohun tóun fẹ́ nìyẹn, ó yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìsìn. Bó ṣe yí padà, sìkọ́láṣíìpù lọ. Owó ilé ìwé ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Augustine, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ti tọ́jú owó tó fẹ́ fi lọ sílé nígbà ìsinmi. Ó gbé owó yẹn fún àbúrò ẹ̀, kò lọ sílé mọ́. Gbogbo ayé ló mọ ohun tí Achebe kọ. Ta ló ń dárúkọ Augustine? Mo dárúkọ ẹ̀ níbí lónìí, torí mo mọ̀ pé nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ẹ̀gbọ́n ẹnì kan wà nílé tí ò ra bàtà lọ́dún yìí.

Christopher Okigbo, Gíríìkì àti Látìn ló kà níbí, aṣọ àgbàbọ̀ tó ga jù lọ nìyẹn. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì, ta ló lọ dúró síwájú ẹ̀? Ìdọ̀tọ̀, odò abúlé ẹ̀. Grace Alele-Williams, ìṣirò ló kà, ó gbọ̀wé ẹ̀ ní 1954. Òun ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé, ní 1963, òun náà sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin, 1985. Ẹ̀yin ọmọbìnrin mi tí wọ́n ń sọ fún pé ìṣirò le jù fún yín, ẹ fi orúkọ yẹn dá wọn lóhùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò, bó tilẹ̀ le lẹ́nu mi. Ní 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje, Wole Soyinka wà nínú wọn, dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Pyrates sílẹ̀ níbí. Kí ló ń bí wọn nínú? Àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ti wọ gáùn tán tí wọ́n wá rò pé àwọn ti ju èèyàn lọ, àti àwọn tó ń fi ẹ̀yà yan ọ̀rẹ́. Wọ́n ní nígbà kan tí wọ́n fẹ́ la ojú irin gba ọ̀nà tó wọ yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ̀hónú hàn, pé tí wíwá síbí bá ti rọrùn, tálákà máa pọ̀ jù níbẹ̀! Àwọn ọmọ Pyrates fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi tẹ́. Nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìyẹn o. Kò sí ìbọn, kò sí àáké, gbangba ni wọ́n ń ṣe é. Lẹ́yìn náà àwọn mìíràn dá tiwọn sílẹ̀, ìgbà yí padà, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn káàkiri yunifásítì Nàìjíríà, títí tí Pyrates fúnra wọn fi kó kúrò nínú gbogbo ọgbà ilé ìwé ní 1984. Torí náà tí ẹnì kan bá wá bá ẹ lóru, tó ní àṣà àtijọ́ lòun fẹ́ mú ẹ wọ̀, tó ní Soyinka ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Mo ti dúró nídìí sàréè ọmọ ogún ọdún tó gba irú irọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ìyá ẹ̀ ò sunkún, ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń to bàtà ọmọ náà ní méjì méjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀.

Ní 1960, wọ́n fi Kenneth Dike ṣe pírínsípà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́. Òpìtàn ni, ó ti jà fún un pé ìtàn tiwa kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé gómìnà òyìnbó nìkan, pé ẹnu àwọn àgbà náà, ìwé ni. Òun ló dá ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Nàìjíríà sílẹ̀, ó ṣì wà nínú ọgbà yìí, ẹ lọ wò ó. Nígbà tó di oṣù kejìlá 1962, okùn London já. University of Ibadan dá dúró, dígírì tiwa la bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni, Dike sì di gíwá àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ tí èmi fúnra mi dé, àpótí onírin kan ló wà lórí mi, gààrí àti ẹ̀pà ló kún inú ẹ̀. Pọ́tà àgbàlagbà kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ṣí rẹ́jísítà ńlá kan, ó fi ìka wá orúkọ mi, ó rí i, ó yí ìwé náà sí mi, ó fún mi ní bírò. Ó ní, "Kọ ọ́ dáadáa, ó máa pẹ́ níbẹ̀." Ó wá yọ kọ́kọ́rọ́ kan tí wọ́n so mọ́ pákó pẹlẹbẹ, nọ́ḿbà yàrá mi wà lára ẹ̀, ọwọ́ ti fà á títí ó ti ń dán. Mo dì í mú. Gbogbo ọwọ́ tó ti di pákó yẹn mú ṣáájú mi ni mo ń rò bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́. Ọmọ Mellanby tá a pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́.